Gíráàmù áísìkiriìmù sí mílílítà: nọ́ńbà wo gan-an ni ká lò?

Àṣàkẹ́_Oníkéèkì
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mo fẹ́ ṣe kéèkì aláísìkiriìmù, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ áísìkiriìmù sáàárín kéèkì méjì, tí wọ́n á wá gbé gbogbo rẹ̀ sínú fìríìsà kó dì. Ìlànà tí mò ń tẹ̀ lé ní kí n lo 900 gíráàmù áísìkiriìmù fàníllà. Ike tó wà nílé, 1.5 lítà ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i níwájú, mi ò rí gíráàmù kankan níbẹ̀. Ṣé ike kan yìí á tó, àbí kí n wá òmíràn kún un? Mo ti béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú-ewé kan ní 900 mílílítà ni, òmíràn ní lítà kan ó lé díẹ̀, ẹ̀kẹta ní ó lé ní lítà kan ààbọ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Tọ́lá_Kíákíá
Gíráàmù kan, mílílítà kan. 900 gíráàmù, 900 mílílítà. Ike rẹ tó, á tún ṣẹ́ kù tí wàá fi lá ọwọ́. Ó parí.

Bàbá_Síkéèlì
Tọ́lá, rọra. Omi ni ìwọ ń sọ. Omi ló ni gíráàmù kan sí mílílítà kan. Wàrà náà ò jìnnà sí i, mílílítà wàrà kan tó nǹkan bíi 1.03 gíráàmù. Áísìkiriìmù ò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn rárá, torí pé afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì pọ̀ ju bí ojú ṣe ń rí i lọ.

Àṣàkẹ́, gbọ́ bó ṣe jẹ́. Tí wọ́n bá ti po wàrà, kírímù àti ṣúgà pọ̀ tán, inú ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù, tó tún ń lù ú lọ́wọ́ kan náà, ni wọ́n ń dà á sí. Bó ṣe ń lù ú ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, tó ń di èéfòó tíńtìntín, tí òtútù sì ń há a mọ́bẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní overrun ni wọ́n ń pe ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yìí. Overrun 100% ni pé lítà àpòpọ̀ kan di lítà áísìkiriìmù méjì. Ìwúwo rẹ̀ ò fi gíráàmù kan lé, àyè tó ń gbà ló di ìlọ́po méjì.

Kí wọ́n tó lù ú, mílílítà àpòpọ̀ kan wúwo tó 1.1 gíráàmù, ó lè fi díẹ̀ dín tàbí kó fi díẹ̀ lé. Lù ú dé overrun 100%, mílílítà kan á bọ́ sí 0.55 gíráàmù. Lù ú dé 50%, á jẹ́ 0.73. Lù ú dé 20% péré, á jẹ́ 0.92. Wá fi wọ́n pín 900 rẹ: èyí tó fúyẹ́ á gba 1,636 mílílítà, èyí tó ki á gba 978. Ojú-ewé kejì àti ìkẹta tó o kà ò purọ́, áísìkiriìmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn ò kàn sọ ọ́. Ti àkọ́kọ́ yẹn, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidi.

Tọ́lá_Kíákíá
Ẹ̀yin àgbà ti sọ kéèkì di ìdánwò físíìsì. Èèyàn kàn fẹ́ jẹun.

Ọmọ_Físíìsì
Tọ́lá, òwú kílò kan àti irin kílò kan, ṣé àpò kan náà lo máa kó wọn sí?

Kí n fi kiní kan ti Bàbá Síkéèlì lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ yẹn ní ààlà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní gálọ́ọ̀nù áísìkiriìmù kan ò gbọdọ̀ wúwo dín ní pọ́n-ùn 4.5. Gálọ́ọ̀nù wọn jẹ́ 3.785 lítà, pọ́n-ùn 4.5 sì jẹ́ 2,041 gíráàmù, ìyẹn ni pé lítà kan gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 539 gíráàmù ó kéré tán. Èyí tó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ mìíràn ni wọ́n máa fi tà á. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé lítà áísìkiriìmù òun ò ju 400 gíráàmù lọ, bóyá ike náà ò kún ni, tàbí kó jẹ́ nǹkan mìíràn ló ń jẹ.

Omi náà máa ń wú tó bá di yìnyín, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ afẹ́fẹ́, ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan, ẹ má dà á rò.

Kálórì_Ṣọ́ra
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí lọ́kàn tipẹ́. Mò ń ka kálórì, áàpù tí mò ń lò sì máa ń fún mi ní ìwúwo méjì fún ààbọ̀ ife kan ṣoṣo. Mo lọ wo àkójọ oúnjẹ USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti mú un: ààbọ̀ ife áísìkiriìmù fàníllà lásán, 66 gíráàmù, ààbọ̀ ife fàníllà olọ́ràá, 107 gíráàmù. Ife kan náà o! Ẹni tó bu ààbọ̀ ife èyí tó ki, tó wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí èyí tó fúyẹ́, ti jẹ ju ohun tó kọ lọ dáadáa, pàápàá tó o bá ro ti ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìbéèrè mi ni pé, ẹni tí kò ní síkéèlì ńkọ́? Ṣé kò sí ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ láti ara ike?

Bàbá_Síkéèlì
Ọ̀nà wà, ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀. Ẹ má wo iwájú ike. Ẹ yí i padà, ẹ wo àtẹ kékeré tí wọ́n kọ kálórì, ọ̀rá àti ṣúgà sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń kọ ìpín kan síbẹ̀ ní mílílítà tàbí ní ife, kí wọ́n tó wá kọ gíráàmù tẹ̀ lé e. Méjèèjì yẹn ló máa dá yín lóhùn. Ẹ fi mílílítà pín gíráàmù, ẹ ti mọ bí mílílítà kan áísìkiriìmù yẹn ṣe wúwo tó, ẹ ò tíì ṣí ìdérí.

Ẹ kàn ṣọ́ ife o. Lórí ike Amẹ́ríkà, 240 mílílítà ni ife kan. Láwọn ibi tí wọ́n ti ń lo ife mẹ́tíríìkì, 250 ni. Kálórì_Ṣọ́ra, ìwọ náà kíyè sí i pé FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, yí ìlànà padà lọ́dún 2016: ìpín kan kúrò ní ààbọ̀ ife, ó di ìdá méjì nínú mẹ́ta ife. Tó o bá gbé ike tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ àtijọ́, o lè rò pé áísìkiriìmù ti sanra sí i. Ìpín ló fẹ̀.

Kálórì_Ṣọ́ra
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró. Ìpín tèmi jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ife, gíráàmù rẹ̀ 88. Ìyẹn 88 pín sí 160… 0.55. Háà! Ó bá ohun tí ẹ sọ mu régí.

Màmá_Ẹ̀rọ_Tútù
Ẹ kú àròjinlẹ̀. Èmi ń ṣe áísìkiriìmù fúnra mi, mo sì ń tà, apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń bá mi fà á: mo wọn èlò ní gíráàmù, ike tí mo máa dì í sí wà ní mílílítà.

Ẹ má fi overrun tí ẹ kà nínú ìwé pẹlẹbẹ tó bá ẹ̀rọ wá ṣe ìṣirò. Ẹ wọn tiyín. Ẹ mú ife kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú, ẹ gbé e sórí síkéèlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó padà sí òdo. Ẹ da àpòpọ̀ tó ti tutù sí i kó dé ẹnu gééré, ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá lù ú tán, tó ṣì rọ̀, ẹ bù ú kún ife kan náà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ìkejì yọ kúrò nínú àkọ́kọ́, ẹ fi ìkejì náà pín ohun tó kù, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ká ní ife náà gba 275 gíráàmù àpòpọ̀, tó wá gba 210 gíráàmù áísìkiriìmù: 65 ló fi dín, 65 pín sí 210, overrun yín jẹ́ 31%. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ṣe ni pé wọ́n máa ń fi 275 pín, ó sì ń fún wọn ní nọ́ńbà tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbá ife náà mọ́ tábìlì díẹ̀ bí ẹ ṣe ń bù ú, torí ihò ńlá tó bá wà nísàlẹ̀ ife á dọ́gbọ́n di overrun nínú ìwé yín.

Pẹ̀lú irú overrun bẹ́ẹ̀, kílò àpòpọ̀ kan, tó jẹ́ 909 mílílítà kó tó wọ ẹ̀rọ, á jáde ní nǹkan bíi 1.19 lítà. Ẹni tó bá to ike lítà kan kalẹ̀ fún un á máa wá abọ́ kiri nígbà tó bá kù díẹ̀. Bákan náà ni abọ́ ẹ̀rọ: tí wọ́n bá ní lítà kan ààbọ̀ ló ń gbà, ẹ má da lítà kan ààbọ̀ àpòpọ̀ sí i. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un kó wú.

Overrun kì í dúró sójú kan o. Àpòpọ̀ tó ti sun fíríìjì mọ́jú máa ń gba afẹ́fẹ́ ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lọ. Èyí tí mo bá fi pupa ẹyin púpọ̀ sí kì í ṣe bíi ti lásán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gba nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Ọmọ_Físíìsì
Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Tí ẹ bá fi èso oníkarawun tàbí ṣokoléètì wẹ́wẹ́ sí i ńkọ́? Ṣé ẹ ń kà á mọ́ overrun?

Màmá_Ẹ̀rọ_Tútù
Rárá o. Kí n tó dà á sí i ni mo ti máa wọ̀n ọ́n tán. Ṣokoléètì ò gba afẹ́fẹ́ kankan, ó sì wúwo: 100 gíráàmù rẹ̀ ò gbà ju nǹkan bíi 77 mílílítà lọ. Tó bá ti wọ inú rẹ̀, gbogbo ìṣirò á tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìwúwo, ẹ ó sì rò pé áísìkiriìmù yín ki ju bó ṣe jẹ́ lọ.

Àṣàkẹ́_Oníkéèkì
Mo ti dé o. Mo yí ike náà padà bí Bàbá ṣe wí, lóòótọ́ ni mo rí i nínú àtẹ ẹ̀yìn: 100 mílílítà, 55 gíráàmù, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní. Mo ní kí n fi síkéèlì wádìí rẹ̀. Ike náà tòun ti ìdérí jẹ́ 878 gíráàmù. Irú ike kan náà tó ti ṣófo, tí mo fi ń kó bébà ìtẹ́kéèkì sí, jẹ́ 57. Áísìkiriìmù inú rẹ̀ wá jẹ́ 821 gíráàmù nínú 1.5 lítà, ìyẹn 0.547. Àtẹ náà ò purọ́.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ike kan ò pé 900. Ó fi 79 gíráàmù dín. Ṣé kí n lọ ra kún un ni?

Bàbá_Síkéèlì
Má tíì lọ. Sọ fún mi ná: báwo ni páànù rẹ ṣe fẹ̀ tó, báwo sì ni ìlànà yẹn ṣe ní kí áísìkiriìmù náà nípọn tó?

Àṣàkẹ́_Oníkéèkì
Páànù róbótó ni, 23 sẹ̀ǹtímítà láti etí kan sí ìkejì. Wọ́n ní kó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ láàárín kéèkì méjèèjì.

Bàbá_Síkéèlì
Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ojú páànù rẹ jẹ́ nǹkan bíi 415 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóòró. Ní gíga sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, áísìkiriìmù tó máa kún un jẹ́ 1,038 mílílítà. Ẹni tó kọ ìlànà náà ní 900 gíráàmù ló ṣe é, àbí? 900 pín sí 1,038 jẹ́ 0.87. Áísìkiriìmù tó ki ló lò, kì í ṣe irú tìrẹ. Tó o bá da 900 gíráàmù tìrẹ sínú páànù yẹn, á ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, kéèkì òkè á máa léfòó, ọ̀bẹ ò sì ní gé e dáadáa.

Nítorí náà, kì í ṣe ìwúwo lo máa tẹ̀ lé níbí, àyè ni. Ohun tó o nílò jẹ́ lítà kan ó lé díẹ̀ nínú ike rẹ. Ṣùgbọ́n má bù ú ní lítà kan géérégé. Tó o bá jẹ́ kó rọ̀, tó o wá ń fi ṣíbí tẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ á máa jáde, á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Bu lítà kan àti ìdá márùn-ún lítà, kó o má bàa kábàámọ̀. Tí gbogbo ike yẹn bá tiẹ̀ yọ́ pátápátá, tí afẹ́fẹ́ jáde tán, 821 gíráàmù rẹ ò ní ju nǹkan bíi 750 mílílítà lọ. O ò ní lè kún páànù mọ́ nìyẹn. Má jẹ́ kó yọ́.

Ìlànà tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa yọ́ áísìkiriìmù pò mọ́ nǹkan mìíràn, bíi kí wọ́n fi ṣe ìyẹ̀fun pípò fún kéèkì, ìwúwo ni kó o dì mú níbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ náà ò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Tọ́lá_Kíákíá
Kí ni mo sọ látàárọ̀? Mo ní ike kan tó, á tún ṣẹ́ kù. Ẹ lọ ka ìdáhùn mi lókè.

Ọmọ_Físíìsì
Tọ́lá, ẹnu ọ̀nà ilé ẹlòmíràn lo gbà wọlé ara rẹ.

Tọ́lá_Kíákíá
Mo ṣáà wọlé.

Dámilọ́lá_Oz
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ìlànà tèmi ní 16 oz áísìkiriìmù. Lára ike kékeré tí mo ní, 16 fl oz ló wà níbẹ̀. Ike kan náà nìyẹn, àbí?

Bàbá_Síkéèlì
Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Oz méjì ló wà, orúkọ ló jọ. Oz lásán jẹ́ ìwúwo, 28.35 gíráàmù. Èyí tó ní fl níwájú jẹ́ àyè, 29.57 mílílítà ní Amẹ́ríkà. Torí pé 28 àti 29 fara jọra, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí ìyàtọ̀. Lórí omi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lóòótọ́. Lórí áísìkiriìmù, wò ó: 16 oz ìwúwo jẹ́ 454 gíráàmù. 16 fl oz jẹ́ 473 mílílítà, tí áísìkiriìmù tó fúyẹ́ inú rẹ̀ ò ju 260 gíráàmù lọ. Ìlànà náà lè máa béèrè fún ike méjì ó dín díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Tí ìlànà náà bá ti Gẹ̀ẹ́sì wá, tó sì sọ páìńtì kan, tún ṣọ́ra. Páìńtì Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 568 mílílítà, ti Amẹ́ríkà ni 473.

Dámilọ́lá_Oz
Yé! Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nísinsin yìí. Ẹ ṣeun, sà.

Kálórì_Ṣọ́ra
Ìbéèrè mi ìkẹyìn: ṣíbí róbótó tí wọ́n fi ń bu áísìkiriìmù, nọ́ńbà wà lára tèmi, 16. Gíráàmù ni?

Màmá_Ẹ̀rọ_Tútù
Kì í ṣe gíráàmù. Iye ìgbà tí wàá bù ú kí kúọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà kan tó kún ni, kúọ́ọ̀tì náà sì jẹ́ 946 mílílítà. Ṣíbí 16 ń gbé 59 mílílítà, 8 ń gbé 118. Nọ́ńbà tó bá pọ̀, ṣíbí rẹ̀ kéré. Lórí áísìkiriìmù tìẹ tó jẹ́ 0.55, ṣíbí 16 kan tó tẹ́ gééré á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 33 gíráàmù. Ṣùgbọ́n ta ni ń bu áísìkiriìmù gééré? Tó bá yọ gọngọ lórí ṣíbí, tàbí tó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nọ́ńbà yẹn ò wúlò mọ́. Fi abọ́ sórí síkéèlì kó o tó bù ú.

Àṣàkẹ́_Oníkéèkì
Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí pé á rọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè tẹ́ ẹ láì jẹ́ kó rọ̀?

Màmá_Ẹ̀rọ_Tútù
Ṣé ike onígun mẹ́rin ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, má wọn nǹkan kan mọ́. Yí i dojú dé sórí pátákó, fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ẹ̀yìn ike kó lè já wálẹ̀ lódindi. Fi rúlà sàmì sí sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ọ̀bẹ gígùn bọ omi gbóná, nù ún gbẹ, kó o gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. To àwọn pẹlẹbẹ náà sínú páànù, gé igun wọn kó bá róbótó náà mu. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò ní lọ síbì kankan.

Àṣàkẹ́_Oníkéèkì
Àlàfo tó bá wà láàárín wọn ńkọ́, Màmá?

Màmá_Ẹ̀rọ_Tútù
Igun tó o gé kúrò ni wàá fi dí i. Èyí nìkan ni kó o jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ bọ inú àlàfo náà, kó o dá páànù padà sínú fìríìsà kíákíá. Kéèkì òkè, ìgbà tó bá dì gbagidi ni kó o gbé e lé e.